Ta Ló Kọ́ Nọ́ọ̀sì Tí Ó Ń Tọ́jú Yín?

Ní ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún ìyá mi ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, èmi ni mo jókòó tì wọ́n ní òru. Ọmọdébìnrin kan tí ó wọ aṣọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọlé wá, ó di ọrùn ọwọ́ ìyá mi mú, ó wo aago rẹ̀, ó ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù, ó kọ ọ́ sí ìwé tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ ibùsùn, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ó kàn. Lẹ́yìn wákàtí kan ó padà wá, ó tún kà á, ó tún kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wá. Kò ṣe àṣìṣe kankan nínú kíkà rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì àgbà kan wá gba iṣẹ́. Ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ju bírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí aṣọ ìbora, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn ìyá mi, ó sì ní kí wọ́n sáré pe dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dà sínú. Ọkàn wọn ti ń yára sí i láti wákàtí dé wákàtí. Ó wà nínú ìwé náà gbangba, ọmọdébìnrin yẹn ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n gbé ìyá mi padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Nígbà tí mo rí ọmọ náà lẹ́yìn náà, omi dà lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ní kí n kà á kí n kọ ọ́ ni. Wọn kò sọ fún mi pé nọ́ńbà yẹn lè sọ nǹkan.”

N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: báwo ni a ṣe ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, kí sì ni ọ̀nà tí a gbà kọ́ wọn ń ṣe fún ẹni tí ó dùbúlẹ̀?

Ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ó ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Èkíní dà bí ọ̀nà tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ káfíńtà. Ọmọ kọ́ṣẹ́ á lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, á máa gbálẹ̀, á máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, á sì máa fi ojú kọ́ iṣẹ́ títí yóò fi gba ìyọ̀ǹda. Obìnrin ará Ìlú Ọba nì, Florence Nightingale, ẹni tí ó lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀ nígbà ogun Crimea ní ọdún 1854, ni ó sọ irú ìkọ́ṣẹ́ yìí di nǹkan tí ó ní ètò. Owó tí àwọn ènìyàn dá jọ láti fi yẹ́ ẹ sí ni wọ́n fi ṣí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860. Àwọn ọmọ kọ́ṣẹ́ ń gbé inú ọgbà ilé ìwòsàn, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń gba owó díẹ̀, inú wọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ti ń kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn lábẹ́ ojú sísítà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tí kò bá rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ni wọ́n máa ń gbà sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn, àwọn ọ̀mùtí kò sì gbẹ́yìn nínú wọn. Ohun ńlá ni Nightingale ṣe.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn mìíràn gba ọ̀nà náà, wọ́n rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ó dùn mọ́ wọn: ọmọ kọ́ṣẹ́ kì í gba owó púpọ̀. Bí ilé ìwòsàn bá ní ọgọ́rin ọmọ kọ́ṣẹ́, kí ni yóò tún fi nọ́ọ̀sì olówó oṣù ṣe? Bí ẹ̀kọ́ bá wà ní aago mẹ́wàá tí aláìsàn sì pọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ẹ̀kọ́ ni yóò yẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan tí Josephine Goldmark kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1923 sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé àìní ilé ìwòsàn ń jẹ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà run. Ní ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Yale ṣí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ọ̀nà kejì nìyẹn: kí ọmọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní tòótọ́, kí ó lọ sí wọ́ọ̀dù láti kọ́ṣẹ́, kì í ṣe láti dí àyè òṣìṣẹ́ tí kò sí.

Ọ̀nà ti Nightingale ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti UCH ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952, nígbà tí wọn kò tíì ṣí ilé ìwòsàn ńlá náà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. St Thomas gan-an ni Kofoworola Abeni Pratt ti kọ́ṣẹ́, òun ni ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH ní ọdún 1964. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn nọ́ọ̀sì ìgbà náà, ẹ kò ní gbàgbé ọwọ́ wọn. Wọ́n lè pààrọ̀ aṣọ ibùsùn nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí rẹ̀ láìjẹ́ kí ó kérora. Wọ́n ń yí ẹni tí kò lè dìde padà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí egbò àdùbúlẹ̀ má bàa dá sí i lára. A kì í ti inú ìwé kọ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń kùnà ni pínpín iṣẹ́. Nítorí pé ọmọ kọ́ṣẹ́ pọ̀ tí àgbà kò sì pọ̀, wọ́n á fi ẹnì kan sí ìgbóná ara wíwọ̀n fún gbogbo wọ́ọ̀dù, ẹnì kan sí ìwẹ̀, ẹnì kan sí oògùn, ẹnì kan sí ọgbẹ́ wíwẹ̀. Iṣẹ́ á yára, wọ́ọ̀dù á mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ni ó ni aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn kẹsàn-án. Gbogbo wọn ni ó fọwọ́ kàn án, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá mi nìyẹn.

Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dìgírì fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ọdún 1965, àwọn tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbà. Láàárín àwọn ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ ń gba ọmọ tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ girama jáde tààrà. Àwọn àgbà kan yínmú sí i nígbà náà. Wọ́n ní kí ni ẹni tí yóò gbé póò fẹ́ fi dìgírì ṣe?

Ó dára kí a dá wọn lóhùn pẹ̀lú nǹkan tí a kà, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo. Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania wo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 232,342 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn 168 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2003, ni pé níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì tí ó ní dìgírì bá ti fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, ewu kí aláìsàn kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ fi bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ní ọdún 2014 wọ́n tún tẹ irú rẹ̀ jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù, ilé ìwòsàn 300, àwọn aláìsàn 422,730. Níbẹ̀, 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí i nínú àwọn onídìgírì bá ìdínkù 7 nínú ọgọ́rùn-ún rìn. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná: ìwádìí kan náà sọ pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì kan ń fi 7 nínú ọgọ́rùn-ún bù kún ewu ikú. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún bá fi fúnni, ọwọ́ òsì lè gbà á padà.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn ilé ìwòsàn tí ó lówó ni ó ń gba onídìgírì, owó ni ó sì ń wo aláìsàn sàn. Àtakò gidi ni. Àwọn olùwádìí náà gbìyànjú láti wẹ̀ ẹ́ kúrò, wọ́n fi ìtóbi ilé ìwòsàn, irinṣẹ́ rẹ̀ àti bí àìsàn olúkúlùkù ti le tó sínú ìṣirò wọn, síbẹ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń fi ohun tí ó ń rìn pọ̀ hàn ju ohun tí ó fa òmíràn lọ. Ohun tí ó mú kí èmi gbà á gbọ́ ni bí ó ti bá ojú ayé mu. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dà, ọgbẹ́ lè kẹ̀, ní ilé ìwòsàn tí ó dára jù lọ pàápàá. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tí ó tètè rí i, tí ó mọ ohun tí ó rí, tí ó sì ní ìgboyà láti jí dókítà lójú oorun.

Àwọn ará Ìlú Ọba náà kọ́ ọgbọ́n ní ọ̀nà tiwọn. Láti ọdún 1989 ni wọ́n ti ń kó ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kúrò lábẹ́ ilé ìwòsàn, nínú ètò tí wọ́n pè ní Project 2000, wọn kò sì ka akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù mọ́. Kò pẹ́ tí àròyé fi bẹ̀rẹ̀: àwọn tí ó ń jáde mọ ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn le. Ìwádìí ọdún 1999 ní kí wọ́n tètè máa gbé ọmọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ó sì máa pẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún gba ọ̀nà ti Nightingale wọlé padà láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù kò jìnnà sí wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Kò sí dókítà tí yóò máa gbé ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ìwé wọn kò pọ̀ ni ó kọ́ láti máa wọn ọmọ, láti máa fa ìlà ìwọ̀n náà sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé, àti láti máa tọ́jú àwọn àìsàn tí ó wọ́pọ̀ fúnra wọn. Wọ́n mọ ohun tí ìlà náà ń wí: bí kò bá gòkè mọ́, ọmọ kò jẹun tó tàbí àìsàn ń bẹ lára rẹ̀, kí ó tó hàn lójú. Wọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ sí Iléṣà. Nígbà tí wọ́n wá fi ìlú náà wé ìlú kan nítòsí tí kò ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ikú ọmọdé kéré ní Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ẹ rí i pé àwọn yẹn kò ní dìgírì. Ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n wé ọmọ tí ó ka ọkàn ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ti Ìmẹ̀sí-Ilé mọ ìdí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n ní ẹni tí wọ́n lè ké sí, ọmọ kan náà ni wọ́n sì ń rí láti oṣù dé oṣù. Ní tèmi, mo fẹ́ yunifásítì, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ tí kò bá sí nǹkan mẹ́ta yẹn.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní òun yóò ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe béèrè owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ẹ béèrè bóyá ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe àkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ béèrè iye aláìsàn tí wọn yóò fi sí abẹ́ ọmọ náà ní òru, àti àgbà tí yóò wà ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá sì jókòó ti ẹni yín ní ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì bá ka nǹkan tí ó sì kọ ọ́, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ju ti àárọ̀ lọ?” Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò tún ìwé náà wò.