Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Gba Èsì

Orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ rédíò nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, asọ̀rọ̀mágbèsì, kò ṣàì ní ọgbọ́n nínú. Ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ náà ni ó ní ọ̀rọ̀. Ti ará ìlú ni kí ó gbọ́, kí ó sì dákẹ́.

Àwọn àgbà nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò rántí bí èyí ti korò tó. Ní ọdún 1953, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì fi ẹ̀sùn àìṣòótọ́ kan Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ béèrè ààyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò gbà fún un. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó sì wà nínú ohun tí ó mú kí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí tẹlifíṣọ̀n náà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Fóònù alágbèéká tí ó wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà lónìí ni ó wá ba asọ̀rọ̀mágbèsì lórúkọ jẹ́. Bí aláṣẹ bá sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ti fún un lésì kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. A kò rò pé ohun mìíràn ni ó ń bí àwọn aláṣẹ nínú ju èyí lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́, Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin de Twitter ní gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sì tú u sílẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní, ọdún 2022. Ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dájọ́ lẹ́yìn náà pé ìfòfindè náà kò bófin mu. Ẹ̀yin náà rí i pé ohun tí wọ́n ṣe sí Awólọ́wọ̀ ní 1953 ni èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n kàn ṣe é sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdùnnú fóònù gbé wa kọjá ààyè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ fi ẹ̀rọ yìí pe ara wọn jáde lòdì sí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba kéde pé òun ti tú ikọ̀ náà ká. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí ó lè pe irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà ní àwọn kò ní olórí, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé wọn yóò ra olórí tàbí kí wọ́n gbé e tì mọ́lé. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní Lẹ́kkí lálẹ́ ọjọ́ 20, fóònù fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ han gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò pàdé ní ọjọ́ kejì láti pinnu ohun tí ó kàn.

Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kò ní fóònù ní 1947 nígbà tí wọ́n dìde lòdì sí owó orí. Ọjà ni wọ́n ní, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní olórí tí a mọ ilé rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Wọ́n kọrin níwájú ààfin Aké, wọ́n lọ sílé, wọ́n tún padà wá, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ẹ̀yin olùkọ́, olùkọ́ ni obìnrin yìí. Kí ẹgbẹ́ náà tó di ti ìjà, kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn ìyá ọlọ́jà wà nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí a ń lọ nìyẹn. Ìyá tí kò mọ ìwé lè fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lónìí, ní Yorùbá tí ó mọ́ gaara, inú wa sì ń dùn sí i. Ẹ̀rọ kan náà ni ó gbé irọ́ káàkiri ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 pé omi iyọ̀ ni oògùn Ebola. Àwọn ènìyàn fi wẹ̀, wọ́n sì mu ún, ìròyìn sì kàn pé ó pa àwọn kan. Ta ni ó kọ́ ọ? Níbo ni ó ti gbọ́ ọ? Ẹ̀kọ́ wákàtí kan péré ni èyí nínú ọ̀sẹ̀, a kò sì rí ìdí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa kò fi ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà tí ń bọ̀, láì dúró de àṣẹ láti Àbújá. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣèlú, tí ó ń fi fóònù pe ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kì í kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, náà lè rán akọ̀wé wọn wá jókòó ní kíláàsì.