Àsè Ọdún àti Ara Sísan: Ọjọ́ Tó Yí Ọdún Ká Ló Yẹ Ní Ṣíṣọ́

Láàárín àwọn Yorùbá, ọdún tí kò bá ní oúnjẹ nínú kò tíì di ọdún, yálà Kérésìmesì ni tàbí Iléyá, ọdún Àjíǹde tàbí ìtúnu ààwẹ̀, nítorí pé jíjẹ àti fífún ẹlòmíràn jẹ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ayọ̀ wọlé. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó bá ní kí ènìyàn kẹ̀yìn sí oúnjẹ ọdún pátápátá kò lè ta gbòǹgbò ní ilẹ̀ yìí. Kò sì pọn dandan, torí pé ọjọ́ ọdún gan-an kọ́ ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sanra. Ohun tó ń mú wọn sanra ni ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún tó yí ọdún náà ká, nígbà tí òde ìgbéyàwó àti àpèjẹ ìparí ọdún ń lé ara wọn, tí ìkòkò ọbẹ̀ àná kò tíì tán tí ti òní fi gorí iná, tí málítì sì ti di ohun tí wọ́n fi ń pòùngbẹ dípò omi.

Ìwádìí àwọn onímọ̀ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 2000, Jack Yanovski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìṣègùn New England Journal of Medicine, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn àgbàlagbà 195 kí àsìkò ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí. Àwọn ènìyàn náà rò pé àwọn ti sanra gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó kún ara wọn ní ìpíndọ́gba kò ju kílò 0.37 lọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìwọ̀nba kékeré yìí kò kúrò lára wọn nígbà tí oṣù mélòó kan kọjá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ẹni tó bá ń fi ìdajì kílò péré kún ara lọ́dọọdún láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún yóò ti fi kílò mẹ́wàá kún un nígbà tó bá pé àádọ́ta, láìjẹ́ pé ó rántí àsè kan ṣoṣo tó fà á.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni dáadáa, ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí kálórì jẹ́, ìyẹn òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n agbára tó wà nínú oúnjẹ. Agbára tí ara kò bá lò ni ara ń kó pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá, kílò kan ọ̀rá ara sì dúró fún nǹkan bíi kálórì 7,700. Ẹni tó bá fi kálórì 1,000 jẹ kọjá ohun tí ara rẹ̀ nílò ní ọjọ́ Kérésìmesì, èyí tí kì í ṣe jíjẹ kékeré, kò lè tìtorí ìyẹn kó ju nǹkan bíi gírámù 130 ọ̀rá sára. Síbẹ̀, bó bá gun òṣùwọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lè rí i pé kílò kan tàbí méjì ti lé, nítorí pé iyọ̀ àti magí inú oúnjẹ àsè máa ń dá omi dúró sára, oúnjẹ afúnnilágbára bí ìrẹsì àti iyán tí ara kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan náà máa ń fa omi mọ́ra, oúnjẹ tí kò tíì dà nínú sì ní ìwúwo tirẹ̀. Bí ènìyàn bá padà sí bó ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀, gbogbo ìyẹn á lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n rí nọ́ńbà lórí òṣùwọ̀n, wọ́n ní ó ti bàjẹ́ ná, ó di inú oṣù Ṣẹẹrẹ kí àwọn tó tún ronú kan oúnjẹ. Kálórì 500 tó ń lé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ló wá ń di ọ̀rá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan.

Nínú gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì ọdún, òróró ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ sí. Gírámù kan òróró tàbí ọ̀rá ní kálórì mẹ́sàn-án, nígbà tí gírámù kan oúnjẹ afúnnilágbára, tàbí ti amúaradàgbà tó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, ní mẹ́rin péré. Ṣíbí ìjẹun kan òróró ní nǹkan bíi kálórì 120, bẹ́ẹ̀ sì rèé, alásè kì í fi ṣíbí wọn òróró, inú kẹ́ẹ̀gì ló ti ń dà á. Ọbẹ̀ àyàmásé jẹ́ àpẹẹrẹ tó yanjú: wọ́n á kọ́kọ́ yọ́ epo pupa lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, wọ́n á da àlùbọ́sà àti ata tútù lílọ̀ sí i, wọ́n á sì máa dín in títí epo yóò fi gòkè tí ata yóò sì sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Epo tó léfòó yẹn ni alásè fi ń mọ̀ pé ọbẹ̀ ti jinná, òun náà sì ni kálórì pọ̀ sí jù. Bí wọ́n bá fi ṣíbí gbọ̀n ọ́n kúrò kí wọ́n tó bu ata àti ẹran, ọbẹ̀ náà kò pàdánù adùn rẹ̀, epo tí wọ́n gbọ̀n sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ mìíràn. Bákan náà ni ẹ̀wà kan náà ṣe ń di oúnjẹ méjì tó yàtọ̀ síra. Èyí tí wọ́n fi ewé pọ́n, tí wọ́n sì sè di mọ́ínmọ́ín, kì í ní ju ìwọ̀nba òróró tí wọ́n pò mọ́ ọn lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dín ní àkàrà ti mu òróró lára kó tó dé inú àwo. Èyí kan púfúpọ́ọ̀fù, mósà àti sàmósà tí wọ́n ń gbé kiri lóde kí oúnjẹ gan-an tó dé.

Ohun mímu ló tẹ̀ lé òróró, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí oúnjẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ìgò ẹlẹ́rìndòdò sẹ́ńtílítà 35, ṣúgà tó wà níbẹ̀ máa ń tó gírámù 35, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì mẹ́sàn-án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gírámù 50 fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, nítorí náà ìgò méjì ti kọjá ààlà kí ìrẹsì tó dé. Málítì, tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, kò yàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ṣúgà. Ìgò ńlá bíà kan sì máa ń ní ju kálórì 200 lọ, láìka asun tí ọtí máa ń mú kí ọwọ́ máa lọ sí. Ọ̀rọ̀ ṣúgà inú ohun mímu yìí ló mú kí ìjọba Nàìjíríà, nínú Òfin Ìṣúná ọdún 2021, fi owó orí náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò. Ewu ohun mímu aládídùn ni pé inú kì í fi í yó bí ó ti ń fi oúnjẹ yó, tí ènìyàn á fi mu ìgò mẹ́ta tán, tí yóò sì tún jẹun bí ẹni tí kò mu nǹkan kan.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé oúnjẹ kalẹ̀ lóde náà ń dá kún un. Ní ọdún 1981, Barbara Rolls àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí oúnjẹ bá ṣe jẹ́ oríṣiríṣi tó ni ènìyàn ṣe ń jẹ pọ̀ sí i, nítorí pé ohun tó ti sú ẹnu ni ìtọ́wò kan, kì í ṣe gbogbo oúnjẹ. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti sọ pé òun yó lẹ́yìn jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò ṣe ń rí àyè fún iyán àti ẹ̀fọ́ rírò tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ tí inú ń rán sí ọpọlọ pé ó ti tó máa ń gbà tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó dé, nígbà tí ẹni tó ń jẹun kíákíá ti lè jẹ àwo méjì láàárín àkókò náà.

Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ẹni tó ń lọ sóde má fi ebi pa ara rẹ̀ láti àárọ̀ nítorí àtijẹ, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kékeré ní òwúrọ̀ yóò jẹ́ kó lè yan ohun tó fẹ́ lóde. Yíyàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà: kí ó mú oúnjẹ tí kì í rí nílé, kí ó sì fi èyí tó ń rí lójoojúmọ́ sílẹ̀. Iyán tó tó ìkúùkù rẹ̀, ẹran tàbí ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́, ewédú tàbí ẹ̀fọ́ tó pọ̀ ju méjèèjì lọ, àti omi tútù lẹ́yìn wọn, jẹ́ àsè tó pé. Ní ti onílé tó ń ṣàlejò, tí ẹni tí kò jẹ tó lè dà bí aláìmoore lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwà ló wọ̀ ọ́: kí àlejò tọ́ ọ wò, kí ó yin ọwọ́ alásè, kí ó dúpẹ́, kí ó sì ní kí wọ́n bá òun di ìyókù fún àwọn ará ilé. Kò sí ìyá ọlọ́jọ́ tí ìyẹn máa dùn.

Ọgbọ́n tó wà nínú àṣà ọdún fúnra rẹ̀ tún lè ranni lọ́wọ́. Nígbà Iléyá, àwọn Mùsùlùmí máa ń pín ẹran sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ará ilé, ti ẹbí pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, àti ti aláìní. Ilé tó bá pín tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ní ìkòkò ẹran díndín ràgàjì tí ọwọ́ á máa wọ̀ tí á máa jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iná òróró máa ń gbẹ omi inú ẹran, ẹran á sún kì, tí ẹ̀kúnwọ́ kan rẹ̀ fi máa ń ní kálórì ju ẹ̀kúnwọ́ ẹran bíbọ̀ lọ. Sísè é kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ sínú fírísà, kí wọ́n sì ha ọ̀rá tó dì lórí omi ẹran kúrò, sàn ju dídín gbogbo rẹ̀ lọ. Ní Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, àwọn àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó padà dé láti Brazil máa ń jẹ frejon, ìyẹn ẹ̀wà dúdú tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì pò mọ́ wàrà àgbọn, pẹ̀lú ẹja, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Ọ̀rá inú àgbọn kò kéré, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọdún ni, tí kì í di ti àárín ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù òde náà, ìdajì ìṣòro yìí ti yanjú.

Lẹ́yìn ọdún, ìfòyà máa ń mú àwọn kan mu tíì tàbí àgbo tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́ léraléra. Omi àti iyọ̀ ara ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbé jáde, kì í ṣe ọ̀rá, ó sì lè ṣe ẹni tó ní àrùn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ní jàǹbá. Ìrìn àrìnyára ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, èyí tó bá ìṣẹ́jú 150 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ mu, wúlò jù ú lọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, sì gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí ọdún tó dé, kó má baà fo oògùn nítorí àsè.

Irinṣẹ́ tó rọrùn jù ni òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde nínú ìwé ìṣègùn BMJ ní ọdún 2018, wọ́n ní kí ìdajì nínú ènìyàn 272 máa wọn ara wọn déédéé nígbà Kérésìmesì, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n mọ bí ìrìn tí yóò jó oúnjẹ ọdún kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí ọdún parí, àwọn wọ̀nyí kéré sí àwọn yòókù ní nǹkan bí ìdajì kílò, ìyẹn gan-an ni ìdajì kílò tí kì í fẹ́ kúrò lára. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n lè lo okùn téèpù aránṣọ ní ìbàdí, tàbí kó wo ihò tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń wọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó yẹ̀ ẹ́ wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má ka ti ọjọ́ kejì àsè sí, kí ó sì padà sí ẹ̀kọ, ẹ̀fọ́ àti omi bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ohun tó lé kò lọ.