Ẹ Kọ́pì Ìwé Owó Yín Kí Wọ́n Tó Fi Windows Tuntun Sí I

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Palmgrove, ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ẹlòmíì lára wa á sì fẹ́ fi tuntun sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó dáa o. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ bá pa inú rẹ̀ rẹ́ kó tó fi tuntun sí i, orúkọ àwọn onígbèsè àti owó àjọ bá a lọ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́pì ìwé owó yín sí flash méjì: ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣí wọn wò lórí kọ̀ǹpútà míì bóyá wọ́n pé. Windows ṣeé tún fi sí i. Ìwé gbèsè tó bá sọnù, oníbàárà wo ló máa rán wa létí?