Alùpùpù Mẹ́fà Ni Bàbá Káfíńtà Ti Gùn, Èkeje Ló Dá Ìjà Sílé

Bí ẹ bá dé Bódìjà n'Ìbàdàn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ní apá ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan tí alùpùpù Boxer kan dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Eruku ti bo máṣíìnì ọ̀hún bí ẹni pé olówó rẹ̀ ti kú. Olówó rẹ̀ ò kú o. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà, wọ́n ń fági. Ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n lè gùn ún mọ́.

Bàbá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní kí n má tẹ orúkọ àwọn síta, torí pé ọ̀rọ̀ ẹbí ló wà nílẹ̀. Bàbá Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, ohun tí èmi náà ó sì máa pè wọ́n nìyẹn. Ìyàwó wọn, tí í ta èlùbọ́ nínú ọjà Bódìjà, ló ránṣẹ́ pè mí. "Akọ̀ròyìn, wá gbà mí lọ́wọ́ bàbá yìí o. Wọ́n tún fẹ́ ra máṣíìnì!"

PỌ́N-ÙN NI WỌ́N FI RÀ Á

Ọdún 1972 ni Bàbá gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Ọdún yẹn náà, lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin, ni ìjọba Nàìjíríà ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Náírà ò tíì dé nígbà náà, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973 ló dé. Pọ́n-ùn ni Bàbá san fún Honda 50 àlòkù kan. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rántí ẹ̀. "Mi ò gun máṣíìnì rí, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ò sì tíì mọ apá ibi tí òun ń lọ. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ ọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá Honda 50 láyé, ẹ jẹ́ kí n júwe ẹ̀ díẹ̀. Ọdún 1958 ni àwọn ará Japan kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde. Ọ̀gbẹ́ni Soichiro Honda ló mọ ẹ́ńjìn, Takeo Fujisawa, tí wọ́n jọ dá ilé-iṣẹ́ náà, ló mọ ọjà. Wọ́n fẹ́ máṣíìnì tí ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo wà, ìyẹn ni kò fi ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì. Ẹsẹ̀ lẹ ó kàn fi tẹ jíà. Iwájú ìjókòó rẹ̀ ṣófo, ẹ ò ní í da ẹsẹ̀ sókè kẹ́ ẹ tó gùn ún, àfi bí ẹni ń wọ yàrá. Ike sì wà níwájú tó ń gba ẹrẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, irú ẹ̀ tí wọ́n ti ṣe jáde ti pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Kò sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìn mìíràn láyé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá ò fẹ́ràn ẹ̀ nígbà náà o! Bí wọ́n bá gbé èèyàn sẹ́yìn, tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè Mápó, ẹ́ńjìn á máa kérora, ẹni ẹ̀yìn á sọ̀kalẹ̀, á máa fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Omidan kan tí Bàbá ń bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì dé orí òkè kí Bàbá tó dé. "Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín." Omidan ọ̀hún ni Ìyá Elélùbọ́ lónìí.

"ARIWO NI MO RÀ"

Nígbà tí owó Údójì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n tún san èyí tó ti wà nílẹ̀ pọ̀ fún wọn, ìgboro gbóná. Àwọn tíṣà ra rédíò, wọ́n ra máṣíìnì, wọ́n sì fẹ́ àga onítìmùtìmù sí pálọ̀. Ta ni yóò kan àga? Báyìí ni owó Údójì tí ìjọba ò san fún káfíńtà ṣe gba ọwọ́ tíṣà dé ọwọ́ Bàbá. Wọ́n ta Honda 50, wọ́n sì fi owó lé e ra Honda 175 tuntun.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lára ẹ̀. "Ariwo ni mo rà," ni Bàbá dáhùn. Sìlíńdà méjì, sailẹ́ńsà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí wọ́n bá ti kúrò ní Dùgbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Mọ́kọ́lá ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mí. Mi ò wá ohun tó máa gbé mi délé. Ohun tí aráyé á fi mọ̀ pé mò ń kọjá lọ ni mò ń wá."

Ọ̀nà Ìwó ni ariwo yẹn parí sí lọ́dún 1979. Ìyá wà lẹ́yìn, oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú wọn. Agbégilódò kan ń wọ́ lọ níwájú, Bàbá fẹ́ yà á sílẹ̀, ni ọkọ̀ mìíràn bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá ya bàrá sínú òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Ara Bàbá kàn bó ni, ṣùgbọ́n apá òsì Ìyá ṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, oyún ò bàjẹ́. Ọmọ inú oyún yẹn ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, òun gan-an ló sì ń ṣíwájú àwọn tó ní Bàbá ò gbọdọ̀ gun alùpùpù mọ́.

Ìyá ká ọwọ́ bùbá sókè, wọ́n fi apá ọ̀hún hàn mí. Ó ṣì tẹ̀ díẹ̀. "Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lè ro àmàlà. Bàbá rẹ ló ń rò ó. Kókó ni gbogbo ẹ̀!"

Kò pẹ́ tí Bàbá fi ta 175, wọ́n ra Fẹ́sípà, máṣíìnì àwọn ará Ítálì. Ẹ rántí ẹ̀, táyà rẹ̀ kékeré, ọwọ́ òsì lẹ fi ń yí jíà, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sì tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú. Ìyá lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tìró-tìró, àpò èlùbọ́ kékeré á wà láàárín ẹsẹ̀ Bàbá. Àwọn ẹgbẹ́ Bàbá ń pè wọ́n ní nọ́ọ̀sì. Wọn ò dá wọn lóhùn. Ní tèmi o, ibẹ̀ ni mo rò pé Bàbá ti di ọkọ ìyàwó, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n sanwó orí.

NÍGBÀ TÍ MÁṢÍÌNÌ DI OÚNJẸ

Ọdún 1986 ni ìjọba gbé ètò SAP dé, náírà já wálẹ̀, àga onítìmùtìmù di ohun tí èèyàn ń wò lókèèrè. Bàbá ta Fẹ́sípà, wọ́n ra Suzuki 100. Láàárọ̀ wọ́n á kan pákó, bó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á gbé èrò. Ọ̀kadà! Ẹ sì mọ̀ pé ọkọ̀ òfuurufú ni orúkọ yẹn ti wá. Okada Air ni Olóyè Gabriel Igbinedion sọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, orúkọ ìlú wọn ní ilẹ̀ Ẹdó ni wọ́n fi pè é. Àwọn aláwàdà ìgboro ló gbé e fún máṣíìnì.

"Nígbà yẹn, mi ò béèrè àwọ̀, mi ò béèrè ariwo," ni Bàbá wí. "Mo ń béèrè pé: èló ni púlọ́ọ̀gì rẹ̀? Ṣé wọ́n ń ta rìńgì àti písítìn rẹ̀ ní Agodi Gate? Ṣé mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú u, kó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú?" Suzuki yẹn ń fẹ́ kí wọ́n po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù, èéfín rẹ̀ sì mú Bàbá wúkọ́ títí. Nígbà tó kú, Jincheng ni wọ́n rà. Àwọn ará Ṣáínà ló ṣe é, ṣùgbọ́n àwòrán Suzuki náà ni, ẹ̀yà ara ọ̀kan ń wọ èkejì. Àwọn ọmọ Bàbá méjì ló fi Suzuki àti Jincheng yìí parí ìwé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Boxer dé láti ilẹ̀ Íńdíà. Kò sí pé à ń po ọ́ìlì mọ́ epo, bẹ́ẹ̀ ni kì í mu pẹtiróòlù bí ọ̀mùtí. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kí gbogbo ọlọ́kadà dé akoto lọ́dún 2009, tí àwọn kan ń dé igbá, tí àwọn kan ń dé agolo ọ̀dà, Bàbá ní àwọn rò ó láti gbẹ́ ti igi, Ìyá ló kọ̀. Wọ́n ti fi ọ̀kadà gbígbé sílẹ̀ kí epo tó gbówó lórí lóṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí lítà tí kò tó 200 náírà fò dé nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n Boxer ò kúrò lábẹ́ wọn. Òun ni wọ́n fi ń lọ wo pákó.

ORÚNKÚN Ò GBÀ MỌ́

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá da ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè láti gun Boxer lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, orúnkún ò gbà. Bàbá àti máṣíìnì ṣubú pọ̀. Wọn ò tíì tẹ kíìkì o! Àwọn ọmọ pàdé, wọ́n ní ó tó. Kẹ̀kẹ́ Márúwá wà, àwọn á máa san owó rẹ̀.

"Tí mo bá fẹ́ lọ ra ìṣó," ni Bàbá bi mí, "ṣé kí n kọ́kọ́ tẹ ọmọ láago ni?"

Kí ni Bàbá wá ń wá báyìí? Honda 50! Èyí tí wọ́n tà nítorí pé kò lágbára, tí kò sì lariwo. Wọ́n ní òun nìkan ni orúnkún àwọn lè wọ̀. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò ti bá wọn rí ọ̀kan, ike iwájú ti fọ́, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ le. Ọmọ ọ̀nà Ìwó gbọ́, ó ní bí máṣíìnì yẹn bá wọlé, òun ò ní wá kí wọn mọ́.

Mo rò pé Ìyá á gbè sẹ́yìn ọmọ, ṣebí àwọn ló pè mí. Mo padà sí ìsọ̀ wọn, wọ́n ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà, wọn ò wojú mi. "Oṣù mẹ́ta ni bàbá rẹ ò fi gun nǹkan kan lẹ́yìn ìṣubú yẹn. Ńṣe ni wọ́n ń jókòó, wọ́n ń wo ògiri. Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju ti máṣíìnì lọ."

"Ìyá, kí ni kí n wá bá Bàbá sọ báyìí?"

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n má gba òkè Mápó. Tí wọ́n bá gbà á, màá sọ̀kalẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ̀wé sí wa: ọmọ ló jàre ni, àbí bàbá? Ẹ tètè kọ ọ́ o, mẹkáníìkì ní kọ̀nbúrétọ̀ nìkan ló kù.