Alùpùpù Tó Kọ̀ Tí Kò Jí

Bí ìyá oníṣòwò kan bá kúrò ní Kpankou lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu, tó gbé alùpùpù kékeré rẹ̀ tì sẹ́yìn ilé títí òjò fi dá, mo ti mọ ohun tí yóò sọ bó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mi: "Ọ̀gá, bátìrì ti kú." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ tẹ họ́ọ̀nù ná. Bó bá ké dáadáa, ẹ fi bátìrì sílẹ̀. Bí kò bá ké, ẹ fi ẹsẹ̀ ta alùpùpù náà.

Epo ni èmi máa ń kọ́kọ́ fura sí. Kpayo, ìyẹn epo tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, kì í pẹ́ bàjẹ́. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, tó ń tètè gbiná, á fẹ́ lọ. Ìyókù á dì bí oje igi sínú kábúrétọ̀. Ihò tí epo ń gbà kọjá níbẹ̀ kò tó mílímítà 1, ìdọ̀tí bíńtín ti tó dí i. Mo máa ń tú ìdè kékeré tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀, kí epo àtijọ́ dà sínú ife. Bó bá ti pọ́n, tó ń rùn kíkan, ẹ̀rí ti dé nìyẹn. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún ihò náà o! Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ni kpayo ti wọ́n, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ da ti àtijọ́ nù. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n n kò ní dá a padà sínú táǹkì.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilé àsẹ́ afẹ́fẹ́ wò. Eku fẹ́ràn àtikọ́ ìtẹ́ síbẹ̀.