Eruku Tí Ń Pẹ́ Nínú Ara

Ẹni tó bá ti pa ewúrẹ́ rí yóò ti rí awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń dán, tó bo ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwa ènìyàn náà ní irú awọ bẹ́ẹ̀. Omi díẹ̀ wà níbẹ̀ kí àwọn ẹ̀yà inú má baà máa ha ara wọn. Orí awọ yìí ni jẹjẹrẹ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní mesothelioma ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an bí ọ̀pọ̀ ti rò.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Omi á máa gbá jọ síbẹ̀, èémí á máa gé, àyà á sì máa dun aláìsàn. Èyí tó tẹ̀lé e ni ti awọ inú ikùn: ikùn á wú, aláìsàn á máa rù. Ẹ̀yin ará, bí ikùn bá wú báyìí láàárín wa, kíá ni a ó ti máa fura sí ọwọ́ ọ̀tá. Ẹ gbàdúrà o, ṣùgbọ́n ẹ gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Ti awọ tó yí ọkàn ká ṣọ̀wọ́n gidigidi, bẹ́ẹ̀ náà ni ti awọ tó bo kóró ẹpọ̀n ọkùnrin.

Dókítà á gé díẹ̀ níbẹ̀ láti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní epithelioid máa ń gba ìtọ́jú ju sarcomatoid lọ. Ti ẹlòmíràn jẹ́ àdàlù méjèèjì. Gbogbo wọn ló ṣòro láti wò sàn.

Kí ló ń fà á? Sìgá kọ́. Olórí ohun tó ń fà á ni eruku asbestos, òkúta tí fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ. Ẹni tó mí in sínú lè wà bẹ́ẹ̀ fún 20 sí 50 ọdún kí àrùn tó yọjú. Ní 1960, Dókítà J. C. Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé nípa aláìsàn 33. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbé ní agbègbè Cape tí wọ́n ti ń wa asbestos búlúù. Kì í ṣe awakùsà nìkan, àwọn ìyàwó ilé wà nínú wọn. Ìwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965 tún rí àwọn tí kò wọ ilé iṣẹ́ asbestos rí, ṣùgbọ́n tí ará ilé wọn ń gbé eruku rẹ̀ bọ̀ lára aṣọ iṣẹ́. Èyí ló ká wa lára jù: ìyá tó ń fọ aṣọ ọkọ rẹ̀, kí ló ṣe?

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn àti Èkó ṣì ní àjà tàbí òrùlé asbestos. Bí kò bá fọ́, ewu rẹ̀ kéré. Ìgbà tí káfíńtà bá fi ayùn rẹ́ ẹ, tàbí tí a fi òòlù fọ́ ọ, ni eruku ń tú jáde. Ẹ lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, ẹ fi omi rin ín kí wọ́n tó tú u, ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, ẹ má sì gbọn aṣọ iṣẹ́ nínú ilé. Bàbá tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà èwe, tó wá ń mí hẹlẹ báyìí, kí ó sọ fún dókítà ohun tó ṣe ní 30 ọdún sẹ́yìn, nítorí ó ṣeé ṣe kí dókítà má bi í.