NÍGBÀ TÍ AFẸ́FẸ́ BÁ DI OÒGÙN

Gbogbo àwa tí a ń kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni a mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, 'mí', ni a ti rí 'èémí' àti 'ẹ̀mí'. Lójú Yorùbá, ẹni tí kò bá lè mí mọ́, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò sọ ohun tó ta ko èyí. Ohun tí wọ́n fi kún un ni pé kì í ṣe gbogbo afẹ́fẹ́ tí a ń fà sínú ni ara ń lò. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 78 nínú rẹ̀ jẹ́ náítírójìn, nǹkan bíi 21 jẹ́ ọ́síjìn, àwọn oríṣi mìíràn ni wọ́n sì pín ìwọ̀nba tó kù. Ọ́síjìn yìí ni ara fi ń sọ oúnjẹ tí a jẹ di agbára.

Ìtọ́jú kan wà tó sọ ọ́síjìn yìí di oògùn gan-an. Hyperbaric oxygen therapy ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, n ó máa pè é ní ìtọ́jú inú ìyẹ̀wù. Wọn yóò mú aláìsàn wọ inú ìyẹ̀wù tí a fi irin tàbí ike líle ṣe, wọn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọn-in, wọn yóò sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí tí ìtẹ̀ inú rẹ̀ yóò fi tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti ìta. Níbẹ̀ ni aláìsàn yóò ti máa mí ọ́síjìn tí kò ní àdàlù fún wákàtí kan sí méjì. Kí ni èyí ń ṣe nínú ara? Kí ló sì kan àwa tí a ń gbé Èkó? Ìbéèrè méjèèjì ni mo fẹ́ dáhùn.

Afẹ́fẹ́ Ní Ìwúwo

'Ìtẹ̀' ni mo lò fún bí afẹ́fẹ́ tàbí omi ṣe ń tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa títí dé òkè ọ̀run ní ìwúwo, ó sì ń tẹ̀ wá ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára. Ẹ jẹ́ kí a pe ìtẹ̀ tó wà létí òkun ní ẹyọ kan. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Nítorí náà, bí ènìyàn bá fi mítà 10 wọ inú òkun, ìtẹ̀ ti di ẹyọ méjì. Ní mítà 20 ó di mẹ́ta. Ní mítà 30 ó di mẹ́rin.

Bí ìtẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ tí a ń mí yóò máa yòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara sí i. Ẹ wo ìgò mínírà tí a kò tíì ṣí. Gáàsì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí i, nítorí pé ìtẹ̀ inú ìgò mú un yòrò sínú omi dídùn náà. Bí a bá ṣí ọmọrí rẹ̀ lójijì, gáàsì yóò yọ, ìfófó yóò sì hó bo ẹnu ìgò. Bí a bá rọra tú u díẹ̀díẹ̀, kò ní hó. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn, bí ẹ óò ti rí i nínú ìtàn tó tẹ̀ lé e yìí.

Ọkùnrin Tó Wà Lábẹ́ Òkun

Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Jascon-4 dojú dé sínú òkun lẹ́bàá Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta, ó sì rì. Ènìyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, tó jẹ́ alásè ọkọ̀ náà, ló yè nínú wọn. Ó rí ibi kan tí afẹ́fẹ́ há sí nínú ọkọ̀ náà, ó sì wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn fún bíi wákàtí 60, ní nǹkan bíi mítà 30 lábẹ́ omi. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá kó. Ìyàlẹ́nu ńlá ló jẹ́ fún wọn nígbà tí ọwọ́ alààyè kàn wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbọ́ ìtàn yìí dé ibi tí wọ́n ti rí i, wọ́n sì rò pé ó ti parí. Kò tíì parí. Ìtẹ̀ ẹyọ mẹ́rin ni Okene ti ń mí fún ọjọ́ méjì àbọ̀. Náítírójìn ti yòrò wọ gbogbo ẹran ara rẹ̀ bí gáàsì inú ìgò mínírà. Bí wọ́n bá fà á sókè wéré, ìfófó ni ìbá hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìfófó náà ìbá dí òpójẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ, ọkàn àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ọkùnrin tí òkun kò pa ìbá sì kú síta gbangba. Nítorí náà, inú aago irin tí àwọn òmùwẹ̀ ń lò ni wọ́n gbé e gòkè sí, láti ibẹ̀ sì ni ó ti bọ́ sínú ìyẹ̀wù irin. Ó lé ní ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń dín ìtẹ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Kì í ṣe àná ni a ti mọ ọgbọ́n yìí. Ní 1878, Paul Bert, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé ìfófó náítírójìn ló ń ṣe àwọn òmùwẹ̀ léṣe. Ní 1908, J. S. Haldane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ewúrẹ́ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì gbé ìlànà jáde lórí bí òmùwẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ máa dúró bó ti ń gòkè. Bí ìfófó bá ti wọ ara ẹnìkan ná, inú ìyẹ̀wù ni wọn yóò dá a padà sí: ìtẹ̀ yóò sún ìfófó náà kì, ọ́síjìn yóò sì lé náítírójìn jáde.

Àwọn Alágbàárù Inú Ẹ̀jẹ̀

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, hẹmoglóbìn ni alágbàárù tó ń ru ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Òun náà ló mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bíi mìlílítà 20, hẹmoglóbìn ló sì ru ún tán pátá àfi 0.3 péré tó yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀. Bí a bá sinmi jẹ́ẹ́, nǹkan bíi 5 ni ara ń gbà nínú 20 yẹn.

Ẹ kíyè sí ìṣirò yìí, nítorí inú rẹ̀ ni àṣírí ìtọ́jú náà wà. Ẹrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún orí àwọn alágbàárù; bó ti wù kí ọ́síjìn pọ̀ tó níta, wọn kò lè rù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀jẹ̀ ṣì láàyè. Bí ènìyàn bá mí ọ́síjìn gidi ní ìtẹ̀ ẹyọ kan, èyí tó yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀ yóò kúrò ní 0.3, yóò di nǹkan bíi 2. Bí ìtẹ̀ bá di ẹyọ mẹ́ta, yóò di nǹkan bíi 6. Èyí ju 5 tí ara ń gbà lọ. Ìyẹn ni pé omi ẹ̀jẹ̀ nìkan lè bọ́ ara fún ìgbà díẹ̀ láìsí alágbàárù kankan. Ní 1960, oníṣẹ́ abẹ kan ní Amsterdam, Ite Boerema, kọ ìròyìn bí òun ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ jáde, tí òun fi omi tí kò ní hẹmoglóbìn rọ́pò rẹ̀, tí ẹlẹ́dẹ̀ náà kò sì kú nínú ìyẹ̀wù.

Èéfín Jẹnẹrétọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa nìyí. Ní Ifákọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Kosofe, bí iná bá ti lọ lálẹ́, ìró jẹnẹrétọ̀ ni yóò gba àdúgbò kan. Èéfín ẹ̀rọ yìí ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì nínú. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Òórùn epo tí a ń gbọ́ kọ́ ni òun. Hẹmoglóbìn fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Bó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò gun orí àwọn alágbàárù, kò sì ní fẹ́ sọ̀ mọ́. Orí yóò máa fọ́ni, èébì yóò máa gbéni, ara yóò rọ. Ẹlòmíràn yóò rò pé ibà ni, yóò lọ sùn, kò sì ní jí. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tí a bá odindi ìdílé nílẹ̀, àwọn kan yóò ní oúnjẹ ni wọ́n jẹ, àwọn mìíràn yóò ní ayé ló ṣe wọ́n. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn fèrèsé kò ní sọ tẹnu rẹ̀.

Bí ẹni tó fa èéfín náà bá kàn ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì májèlé náà tó kúrò lára rẹ̀. Bó bá ń mí ọ́síjìn gidi, nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ ni. Nínú ìyẹ̀wù ní ìtẹ̀ ẹyọ mẹ́ta, kò ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú 23 lọ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣì ń jiyàn lórí bí ìyẹ̀wù ṣe ń dáàbò bo ọpọlọ tó lẹ́yìnwá ọ̀la, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn pé kí a fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ́síjìn kíákíá.

Ìyẹ̀wù tún wúlò fún egbò tí kò jinná, bí irú èyí tó máa ń wà ní ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ. Ọ́síjìn kò dé irú egbò bẹ́ẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ fi ń pa kòkòrò, òun náà ni ara fi ń hun ẹran tuntun àti òpójẹ̀ tuntun. Ó lè gba ìgbà 20 sí 40 kí àyípadà tó hàn. Kò gba ipò iṣẹ́ abẹ àti oògùn. Ńṣe ló ń tì wọ́n lẹ́yìn.

Àṣejù, Baba Àṣetẹ́

Kò sí oògùn tí kò ní èèwọ̀. Ọ́síjìn tó pọ̀ jù lábẹ́ ìtẹ̀ lè mú gìrì, Paul Bert kan náà ló sì ṣàlàyé èyí. Bó bá pẹ́ jù, yóò ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìtẹ̀ lè dá etí lu. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún aláìsàn ní afẹ́fẹ́ lásán láàárín-láàárín kó lè fi sinmi. Èyí tó burú jù ni iná: níbi tí ọ́síjìn bá pọ̀ sí, ẹ̀ta iná kékeré lè di àjálù. Ní oṣù kìíní 2025, ọmọ ọdún márùn-ún kan kú nínú irú ìyẹ̀wù bẹ́ẹ̀ tó gbaná ní Troy, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà.

Àwọn oníṣòwò tún wà tí wọ́n ń polówó ìyẹ̀wù pé ó ń wo jẹjẹrẹ, pé ó ń wo ọmọ tó ní ọ́tísìmù. Àjọ FDA tó ń mójútó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé ẹ̀rí kò sí fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òbí tí ìṣòro ọmọ ti sú kò yẹ ní ẹni tí à ń ta irọ́ fún.

Kí Ni Ká Ṣe?

Kí a tó máa wá ìyẹ̀wù kiri, ọ́síjìn inú àgbá lásán gan-an kò tíì kárí. Ní oṣù kìíní 2021, nígbà àrùn kòrónà, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú sọ pé àgbá ọ́síjìn tí wọ́n ń lò lóòjọ́ ní ilé ìwòsàn Mainland ní Yábàá ti kúrò ní 70, ó ti di 350. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé èémí lè wọ́n lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ti èéfín jẹnẹrétọ̀ kò gba owó púpọ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ̀rọ wà, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tiwa àti ti aládùúgbò. Kì í ṣe nínú ilé, kì í ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nítòsí wa. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jáde síta, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni iṣẹ́ yìí kàn jù. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi ètò wọn hàn wá pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ìyá tó ń ta ọjà ní Mile 12 kò nílò àtimọ bí a ṣe ń pe orúkọ májèlé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì kó tó lè gba ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀ là. Ẹni tí yóò fi èdè tó gbọ́ sọ fún un ló nílò, àwa sì ni ẹni náà.